Bàálù Oníjòókòó Méjì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń pè é. Àwọn awakọ̀ bàálù ogun ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nígbà tó ṣì jẹ́ mẹkáníìkì ní ibùdó wọn. Nọ́ọ̀tì tí ẹlòmíràn bá yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, òun á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Á dì í, á rìn lọ, á tún padà wá fọwọ́ kàn án, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ọmọ ti sùn. Wọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, bàálù tí kò bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, wọn kì í fẹ́ gùn ún.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló kù tó ń jẹ́ ibùdó rẹ̀. Orí tábìlì yẹn ló ti ń to bàálù kéékèèké, irú èyí tí wọ́n máa ń kó wẹ́wẹ́ sínú páálí, ike ni gbogbo rẹ̀, tí èèyàn á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí á sì kùn lọ́dà. Mẹ́rìnlá ló wà lórí pẹpẹ. Bàálù ogun ni gbogbo wọn. Oníjòókòó kan ni gbogbo wọn.

Kò to oníjòókòó méjì rí.

Ìyá tó ń gbé ní òpópónà kejì ló ní kó to ọ̀kan. Ọmọ kan ṣoṣo tí màmá yìí bí, awakọ̀ bàálù ni. Òkun ló gbé e, òun àti bàálù, ọdún kọkàndínlógún rèé. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí irin. Pósí òfìfo ni wọ́n sin. Láti ìgbà náà, Ẹ̀ẹ̀mejì kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó má yọjú síbẹ̀. Ó tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ó pààrọ̀ ilẹ̀kùn. Ó gun òrùlé nígbà tó ń jò. Màmá a sì máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Ọmọ mi lọ, àmọ́ ó fi ẹnì kan sílẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn a máa gún un bí ẹ̀gún inú bàtà. Á rẹ́rìn-ín. Á gbé àkàbà rẹ̀. Á lọ.

Nígbà tó yá, ojú màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ fèrèsé. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ pé kò sí ohun tí òun tún lè ṣe sí i, màmá jókòó sórí àga rẹ̀, ó pè é.

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Mà."

"Ìwọ tó ò ń fi ike kan bàálù nílé, tí ìyàwó ẹ ń pariwo pé òórùn ọ̀dà fẹ́ pa òun. Ṣé o lè kan èyí tó gbé ọmọ mi lọ?"

Ó gbé àkàbà rẹ̀ ti ògiri.

"Wọn ò gbé òkú fún mi. Wọn ò fi irin hàn mí. Fọ́tò tí wọ́n fún mi, mi ò rí i mọ́. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, kí n mọ ibi tó jókòó sí. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ o. Má fi tiẹ̀ kún un."

"Mo ti gbọ́, mà."

Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bó ṣe rí. Òun ni.

Àga inú bàálù ogun kì í ṣe àga lásán. Ìbọn ni. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lókè, awakọ̀ á fa ohun kan láàárín itan rẹ̀, àga á yìn, á ta á jáde sí ojú ọ̀run, agbòòrùn ńlá á ṣí, á sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kó má baà yìn nílẹ̀, wọ́n máa ń fi píìnì mẹ́ta há àga kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ẹ́pù pupa lára wọn. Kí bàálù tó gbéra, mẹkáníìkì á yọ wọ́n, á nà wọ́n sókè, awakọ̀ á kà wọ́n láti inú gíláàsì, á gbé àtàǹpàkò sókè. Àga kan, mẹ́ta. Àga méjì, mẹ́fà.

Gbogbo ọdún yẹn, oníjòókòó kan ni wọ́n ń gbé fò. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé oníjòókòó méjì kan ṣoṣo tí ibùdó ní jáde. Ọ̀gá awakọ̀ níwájú, ọmọ màmá lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì yọ mẹ́ta. Ó nà wọ́n sókè. Mẹ́ta ni ojú ọ̀gá náà ti mọ́. Ó gbé àtàǹpàkò sókè. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ó kígbe bọ́ láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì pé:

"Bí Ẹ̀ẹ̀mejì bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ta lèmi tí màá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kẹta!"

Ẹyẹ wọ ẹ́ńjìnnì lórí òkun. Ọ̀gá fò jáde, ó yè. Ọmọ kò fò. Àwọn olùwádìí ní àwọn kò lè mọ ìdí, torí òkun kò dá irin padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ẹ̀ẹ̀mejì tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò iṣẹ́. Píìnì mẹ́ta. Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Ó wá lọ sí yàrá ìkó-nǹkan-sí, ó mú mẹ́ta mìíràn, ó dà wọ́n pọ̀ sínú àpò tí wọ́n máa ń kó píìnì bàálù náà sí ní ibùdó. Mẹ́fà. Nígbà tí àwọn olùwádìí kà wọ́n, ó pé.

Ó sì ti ń pé láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Àwọn tó ń ṣe ike bàálù yẹn kò ṣe oníjòókòó méjì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, àfi kó wá imú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ó dé nínú ọ̀rá kékeré. Résíìnì: ohun funfun líle bí egungun, tí wọ́n dà nínú mọ́ọ̀dù. Imú gígùn kan, àga kéékèèké méjì, àti bébà tó ń sọ ibi tí èèyàn á ti gé ọrùn bàálù ike kó tó lẹ orí tuntun mọ́ ọn.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ara ti ìgbálẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ fẹ́ bẹ́ bàálù lórí ni?"

"Mo fẹ́ pààrọ̀ orí ẹ̀ ni."

"Ẹ bá kúkú pààrọ̀ tiyín mọ́ ọn. Èyí tẹ́ ẹ ní kì í gbọ́ ìpè oúnjẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tó rín lóṣù yẹn.

Ó fi ọṣẹ fọ résíìnì kí òróró mọ́ọ̀dù lè kúrò lára rẹ̀. Ó fi aṣọ bo imú, torí eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ó wọn ọrùn ike. Ó tún un wọ̀n. Ayùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé. Ó gé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi orí kan ọrùn, wọn kò bára mu. Résíìnì a máa súnkì bó bá ń gbẹ. Ó fi bí irun orí méjì kéré sí ike. Ojú lè má rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ló máa wò ó. Ó fi pútì dí i, ó fi sánńpépà tó ti rẹ sómi ha á, ó dijú, ó fi ìka tọ́ ọ wò. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó tún dí i. Ọjọ́ mọ́kànlá lórí ojú àpá kan.

Ó wá kan àga. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Bàálù tó fẹ́ gbéra kì í ní tẹ̀ẹ́pù pupa lára àga. Bí kò bá fi nǹkan kan síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Màmá á fọwọ́ kàn án, á súre fún un, á máa pè é lẹ́ni tí ọmọ òun fi sílẹ̀ títí tí ilẹ̀ á fi pa á dé. Bó bá sì fi wọ́n síbẹ̀…

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wo àga méjì tí kò ju èékánná lọ.

"Kí ló tún kù?" ìyàwó rẹ̀ béèrè. Òun náà kò mọ ọ̀rọ̀ píìnì yẹn. Kò sọ fún un rí.

"Nǹkan mẹ́ta péré."

"Ṣé ẹ ò mọ ibi tó ń gbé ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ fi síbi tó ń gbé nígbà náà, kára tù yín. Kára tu èmi náà."

Ó yọ òwú pupa kan nínú agolo ìránṣọ ìyàwó rẹ̀. Ó gé e sí mẹ́ta. Ó fi ẹ̀mú kékeré mú wọn, ó fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ wọ́n mọ́ àga ẹ̀yìn. Àga iwájú, kò fi nǹkan kan sí i.

Inú páálí bàtà ló gbé e lọ. Màmá ti fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ti fi aṣọ funfun tẹ́ tábìlì.

Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí. "Imú ẹ̀ gùn o. Ó jọ ti bàbá ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìka rìn dé ojú àpá. Ẹ̀ẹ̀mejì séèémí. Ìka kọjá. Apá ọ̀tún, apá òsì, ìrù. Ó padà síwájú, sí ibi tí gíláàsì ti ṣí sílẹ̀.

"Ta ló wà níbí?"

"Ọ̀gá ni, mà."

"Ẹni tó yè."

"Òun ni."

Ìka sún sẹ́yìn. "Ibí ni ọmọ mi wà." Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà, èékánná rẹ̀ kọ́ nǹkan. "Kí lèyí? Òwú ni? Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta." Ó tún sún síwájú, ó wá a, kò rí i. "Iwájú ò ní."

Irọ́ kan ti wà lẹ́nu Ẹ̀ẹ̀mejì. Irọ́ àtijọ́, ó ti dán bí òkúta odò. Ó gbé e mì.

Ó sọ ọ́. Píìnì mẹ́ta tó nà sókè, mẹ́ta tó gbàgbé. Ohun tí ọmọ náà kígbe. Yàrá ìkó-nǹkan-sí. Mẹ́ta mìíràn. Kò fi iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kan kúrò.

Màmá kò sunkún. Ó fi èékánná mú òwú kan, ó fà á. Gọ́ọ̀mù dì í mú. Ó tún fà á. Kò wá.

"Ṣé báyìí ló fà á?"

Ẹ̀ẹ̀mejì tẹjú mọ́ òwú náà.

"Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé báyìí ni ọmọ mi ń fà á, tí kò wá?"

"Báyìí ló máa fà á, mà."

"Yọ wọ́n."

Ẹ̀mú kékeré wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti tábìlì.

"Máa kà á sókè."

"Ọ̀kan." Ó já. "Méjì." Ìkẹta gé díẹ̀ lára àga dání, ẹ̀rún funfun kan. "Mẹ́ta."

"Kó wọn sí mi lọ́wọ́. Tún wọn kà."

Ó tún wọn kà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá pa ọwọ́ dé mọ́ wọn.

"Ọdún mọ́kàndínlógún lo fi ń gun òrùlé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fi bàálù sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tó o pààrọ̀ yẹn, pa á dé bó o bá ti jáde."

Ó pa á dé. Ó rìn dé ẹnu géètì kó tó rántí pé òun kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó padà, ó na ọwọ́ sí i bí ìṣe rẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án, ó gbọ́ bí irin ìdábùú ilẹ̀kùn ṣe wọlé láti inú.