Ẹnu Ọ̀nà Tí Yaqub Fi Sílẹ̀ fún Bàbá Rẹ̀

"Tí wọ́n bá gbé sídì tuntun dé, Jóṣúà, má jẹ́ kí wọ́n ti bàbá mi síta."

Ohun tí Yaqub sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ẹ̀yìn takisí ló wà, ó fi orí ti gíláàsì, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí epo. Jóṣúà ní, "Bọ̀dá, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ ná." Ó rò pé wọ́n á dá a padà lọ́la. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún jù.

Wọn kò dá a padà.

Ní ẹ̀yìn Iga Idúngànràn, kò sẹ́ni tí kò mọ Yaqub ọmọ Tìjání. Ìsàlẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọge ní títẹ kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ ni gbogbo kọ̀ǹpútà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń tún wọn ṣe. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í bínú. Bọ́ọ̀lì ni oúnjẹ rẹ̀, èérún ẹ̀pà wà nínú gbogbo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Jóṣúà, ará Iléṣà, fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdírì. Òun ló ń bá Yaqub mójú tó fótókọ́pì àti jẹnẹrétọ̀.

Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ tán nírọ̀lẹ́, ó kan géèmù fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Ìlú kan ni géèmù yẹn, ó ní ọjà, ó ní igbó, ó ní odò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ère tirẹ̀ tó ń rìn kiri inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ òkè òkun tó ṣe é fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gba orí tẹlifóònù bá tiwọn sọ̀rọ̀ kó tó wọ ìlú náà. Tẹlifóònù wo? Yaqub jókòó, ó kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà kan, ìyẹn sì ń dá àwọn yòókù lóhùn bí ẹni pé òun gan-an ni òyìnbó. Láńlọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà yẹn, torí pé kò sẹ́ni tó lè wọlé àfi tó bá ṣílẹ̀kùn. Yaqub kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé géèmù náà kì í dúró sójú kan. Bí sídì tuntun bá dé, ọ̀rọ̀ tó máa ń bá Láńlọ́ọ̀dù sọ á yí padà. Àwọn kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ lè gbé sídì tuntun. Ti òkè kò lè gbé e. Ti Bàbá Tìjání nìyẹn, ògbólógbòó kan tí ọ́fíìsì kan ń gbé jù nù. Ẹsẹ̀ Bàbá ti kọṣẹ́ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Yaqub bá fa wáyà gba ojú fèrèsé lọ bá a. Láti ìgbà náà, nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, Bàbá á jókòó létí odò inú géèmù, á máa pẹja.

Nítorí rẹ̀ ni Láńlọ́ọ̀dù fi ní láti gbọ́ èdè méjì. Tí Yaqub bá tún ti tuntun ṣe, ti àtijọ́ á bàjẹ́. Tó bá tún ti àtijọ́ ṣe, ti tuntun á yarí. Lọ́jọ́ kan, Ọlátúndé, ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kan tó ń lọ sí pólì, gun ẹran abìyẹ́ kan tó ń yọ iná lẹ́nu kọjá létí odò. Sídì tuntun nìkan ló mọ ẹran yẹn. Kọ̀ǹpútà Bàbá wò ó, kò mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ dúdú.

"Yaqub! Ta ló pa iná mi?"

Odidi ọ̀sẹ̀ ni Yaqub fi wá ojútùú. Ó sọ fún Láńlọ́ọ̀dù pé ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò bá mọ̀, kó fi ohun tó mọ̀ rọ́pò rẹ̀ fún un. Ọlátúndé tún gun ẹran rẹ̀ jáde, ó ń yan fanda. Ohùn Bàbá bá já bọ́ láti òkè:

"Ọlátúndé, ṣé orí ẹ pé? Kí lò ń gun ewúrẹ́ kiri ọjà fún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bí Ọlátúndé ṣe di Alhaji Eléwúrẹ́ nìyẹn.

"Bàbá, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ o!"

"Fi okùn so ó, kó má baà tẹ ẹja mi mọ́lẹ̀."

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba sílẹ̀ ni ibà mú Yaqub. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ Bàbá létí odò ni ère rẹ̀ wà. Òtútù mú un, ó dìde lójijì, kò dágbére fún Láńlọ́ọ̀dù kó tó jáde nínú géèmù. Ẹni tí kò bá dágbére, ère rẹ̀ á dúró síbi tó fi í sí. Báyìí ni Yaqub inú géèmù ṣe wà létí odò, tó mú ìwọ̀ lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n ń fi aṣọ funfun wé Yaqub.

Bàbá kò tẹ̀ lé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Jóṣúà mọ ibẹ̀. Òun náà bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Bàbá kò bi í léèrè.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Bàbá ní kó bá òun tan kọ̀ǹpútà. Ó wọlé. Ó jókòó ti ère ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ.

Ìgbà náà ni sídì tuntun dé ọwọ́ Ọlátúndé. Ọlátúndé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó jókòó ti Láńlọ́ọ̀dù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ó làágùn. Ti tuntun ṣí. Ti òkè dúdú.

"Ẹnu ọ̀nà kan ni mo lè ṣe," ó ní. "Bọ̀dá Yaqub nìkan ló mọ bó ṣe ń ṣe méjì. Jóṣúà, ká sọ òótọ́, torí ẹnì kan ṣoṣo la ṣe dúró sójú kan."

"Bàbá ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀."

"Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tì í síta."

"Ó ti kú, Jóṣúà."

Yaqub ti fi ẹ̀dà ètò àtijọ́ pamọ́ sínú dísìkì. Jóṣúà dá a padà sórí Láńlọ́ọ̀dù. Ọlátúndé mú sídì rẹ̀, òun àti àwọn yòókù forí lé ṣọ́ọ̀bù kan ní Obalende. Wọn ò jà.

Ìlú inú géèmù dá páropáro. Ó ku Bàbá àti ère Yaqub. Jóṣúà gbé ère tirẹ̀ jókòó tì wọ́n, kí Bàbá má baà dá wà. Ó rò pé òun ń ṣe é dáadáa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá pè é sókè. Ẹ̀bà àti ilá tí Jóṣúà gbé fún un wà nílẹ̀, òkèlè díẹ̀ ló bù níbẹ̀.

"Jóṣúà, jókòó. Mo kí i lánàá. Mo tún kí i lónìí. Kò dá mi lóhùn."

"Ère lásán ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ère ni. Ìwọ lo ò mọ ohun tó ò ń ṣe." Kò pariwo. "Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, kí n má baà máa lọ jókòó síbẹ̀. Ìwọ wá ń gbé mi lọ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́."

Jóṣúà dìde. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tì yín síta."

"O ò tì mí síta. Èmi ni mo jáde." Bàbá yí ojú sí ògiri. "Bá mi pa kọ̀ǹpútà yìí. Mo ti gbìyànjú láti pa á fúnra mi, ọwọ́ mi kọ̀. Kó o wá sọ fún ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yẹn kí wọ́n máa bọ̀. Ilé yìí ti dákẹ́ jù."

Jóṣúà pa á.

Ó gbé àwo ẹ̀bà náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, ó mú kànìnkànìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilá ti gbẹ mọ́ etí àwo. Kànìnkànìn kò ràn án. Ó fi èékánná họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó tún bu omi sí i.