Ohùn Màámi Nínú Géèmù Kúkúrú

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí géèmù wa kẹta jáde, ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo wà ní Ṣómólú, mò ń yẹ ìwé ètò ìgbéyàwó kan wò kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn: mo máa ń wá àṣìṣe nínú ohun tí ẹlòmíràn kọ. Tó bá di ọ̀sán, màá gun àkàbà lọ sí yàrá kan lókè ilé kan náà, níbi tí èmi àti àwọn méjì kan ti ń ṣe géèmù orí fóònù. Èmi ni mò ń kọ ìtàn àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin tá a jọ lọ yunifásítì ló ń kọ kóòdù. Ẹnì kẹta wa ni ayàwòrán, ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya kàlẹ́ńdà àti páálí bisikíìtì fún àwọn onítẹ̀wé kó tó dara pọ̀ mọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ni géèmù méjì àkọ́kọ́. Jàgùdà kan ni ẹni tó ń gbá a máa ń darí: ó ń jí mọ́tò, ó ń yìnbọn, ọlọ́pàá ń lé e káàkiri ìlú. Èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ méjì gbá a kó má tíì parí, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Nínú èkejì, obìnrin kan wà tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé jàgùdà yẹn sá kọjá ọ̀sà. Ìṣẹ́jú méjì péré ló fi hàn, ọlọ́pàá sì mú un lọ. Làwọn tó ń gbá a bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pé ta ni obìnrin yẹn, kí ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ò mọ̀, ó sì ń dà mí láàmú.

Báyìí la ṣe ṣe géèmù kúkúrú kan tó jẹ́ ti obìnrin yẹn nìkan. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ẹni tó ń gbá a á ti parí ẹ̀. Kò sí ìbọn níbẹ̀. Obìnrin náà, ọkọ̀ rẹ̀, ẹrù tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tú wò, àti ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja létí omi ní Bàrígà, àwọn ló wà níbẹ̀. Màámi ló sọ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. Etíkun Oǹdó ni wọ́n ti bí wọn, ẹja ni wọ́n ń yan títí dòní, èdè Ìlàjẹ ni wọ́n sì máa ń sọ tí ọ̀rọ̀ bá ti inú wọn wá. Mo gbé fóònù sítòsí ẹnu wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo ní kí wọ́n kìlọ̀ fún ọmọ wọn tó fẹ́ lọ gbé ẹrù ọ̀daràn. Mo sọ kókó ọ̀rọ̀ náà fún wọn: tó bá rí iná méjì ní èbúté òdìkejì, kó má gúnlẹ̀, kó yí padà, torí bí ọlọ́pàá ṣe mú bàbá ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé èmi gan-an ni mo fẹ́ lọ.

Fídíò àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ nípa géèmù náà jáde lọ́jọ́ kejì. Lámèyítọ́ tí gbogbo onígéèmù ń tẹ̀ lé ló ṣe é. Ó ní, "Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tí mo jẹun ọ̀sán tán. Wọn ò tíì pe ìrun ìrọ̀lẹ́ tí mo fi parí ẹ̀. Ṣé géèmù nìyí ni àbí ìpolówó géèmù?" Ó ní ọkọ̀ náà ò ṣeé wà. Ó ní ìparí ẹ̀ ò nítumọ̀, torí obìnrin náà kàn lọ gúnlẹ̀ síwájú ọlọ́pàá láìnídìí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó gún mi lọ́kàn: "Ìyá àgbà tí wọ́n lò yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ. Ṣé wọn ò rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá lò ni?" Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló fún wa.

Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ní a fi orúkọ rere àwọn géèmù ńlá lu òun ní jìbìtì. Òmíràn ní wákàtí mẹ́ta náà dára, àmọ́ òun ń retí ìbọn. Ẹnì kan péré ló yìn ín, kò sì ju ìlà méjì lọ.

Ayàwòrán wa na ìka sí mi. "Àǹtí, mo sọ fún yín. Ẹ jẹ́ ká fi ìjà àti ìbọn sí i, kó gùn sí i. Ká sì wá òṣèré tó máa tún ọ̀rọ̀ ìyá yẹn sọ."

"A ò ní yọ ohùn màámi."

"Kì í ṣe tìjà o. Ọjà la wá tà."

"Mo ní a ò ní yọ ọ́."

Orí kọ̀ǹpútà ni ojú ọ̀rẹ́ mi wà. Mo jókòó, mo kọ èsì gígùn kan sí lámèyítọ́ náà, mo bú u dáadáa. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan bí mo ṣe máa ń ka iṣẹ́ ẹlòmíràn, mo rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó lè tún géèmù náà ṣe. Mo pa á rẹ́. Mo wá kọ ìlà kan péré: "Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni ọkọ̀ náà ti dí yín lọ́wọ́? Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Ó fèsì lọ́jọ́ kan náà. Fọlá Àgòrò ló ń gbé, ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ọ̀dọ̀ wa. Ó ní kí n máa bọ̀.

Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ni mo bá níbẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọkùnrin náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò tẹ̀ dáadáa. Ó sọ fún mi pé ìgbà tí òun dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, géèmù ló mú òun lọ́kàn le, ibẹ̀ lòun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa wọn. "Torí náà mi ò fi ṣeré," ló wí. "Ẹ jókòó. Ẹ má sọ̀rọ̀."

Ó gbá géèmù wa lójú mi. Ó dé ibi tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ gba àárín igi gẹdú tó léfòó lórí omi, ọkọ̀ náà forí sọ igi. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún forí sọ ọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, èmi fúnra mi ti ń fi ọwọ́ yí nǹkan tí kò sí lọ́wọ́ mi. Ó yọ níkẹyìn, ó dé ibi tí ohùn màámi ti ń kìlọ̀. Mo ń wo ojú ẹ̀. Kò yí padà rárá. Bí ẹni tó ń gbọ́ òjò lórí páànù ló ṣe rí.

"Bọ̀dá," mo ní, "ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa iná méjì?"

"Iná wo?"

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Ṣé obìnrin yẹn mọ̀ pé ọlọ́pàá wà níbẹ̀ kó tó gúnlẹ̀? Ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ ni?"

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ, kí ọlọ́pàá lè gbájú mọ́ ọn, kí jàgùdà yẹn sì ráyè sá."

"Àbúrò, ìtàn mìíràn pátápátá nìyẹn! Kò sí ohun tó jẹ́ kí n mọ̀." Ó tún ní, "Ó ṣì kúrú o."

"Ibẹ̀ ni ìtàn ẹ̀ parí sí."

"Mi ò gbà."

Èmi náà ò gbà fún un, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó délé, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún màámi pé wọ́n ń bú wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n jókòó dè mí.

"Ka gbogbo ẹ̀ fún mi. Má fo nǹkan kan."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tó ní wọn ò gbọ́ Yorùbá, wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré. "Bí wọ́n ṣe máa ń wí fún wa nígbà tá a kọ́kọ́ dé Èkó náà nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ fún un kó kà á. Ohùn mi ò ní yí." Wọ́n wá gba fóònù. "Jẹ́ kí n rí ọkọ̀ tó ní kò ṣeé wà." Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Òótọ́ ló sọ. Ta ló ṣe nǹkan yìí? Ọkọ̀ ojú omi kì í yí báyìí."

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó pa ojú dé. "Mọ́tò ni," ló wí. "Mọ́tò inú géèmù èkejì ni. Mo kàn bọ́ táyà ẹ̀." Ó ti ń retí pé ẹnì kan á mọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, màámi gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn kan ní etí omi Bàrígà. Wọ́n tukọ̀ fúnra wọn. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì láàárín omi, ọkọ̀ ò dúró, ó ń yọ́ lọ síwájú. Wọ́n ní ká máa wo ìdí ẹ̀. "Ìdí ló kọ́kọ́ ń lọ, orí á wá tẹ̀ lé e. Tó o bá dúró dìgbà tó o dé ìdí igi kó o tó yí, ó ti pẹ́ jù." Ẹ̀rù omi ń ba ọ̀rẹ́ mi, ó fi ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú gírígírí, ó sì ń fi èkejì ya fídíò. Ayàwòrán ń wo bí èéfín ẹja ṣe rọ̀ sórí àwọn ilé olópòó orí omi. Nígbà tá a padà dé èbúté, ó ní àwọ̀ omi tí òun yà kò dáa, òun máa tún un yà látòkèdélẹ̀. Kò dárúkọ ìbọn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi da kóòdù ọkọ̀ náà nù, ó kọ òmíràn. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ màámi sí ìsàlẹ̀ àwòrán ní Yorùbá tí gbogbo èèyàn ń kà, ohùn wọn sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. A ò fi ìṣẹ́jú kan kún un.

Lámèyítọ́ náà ṣe fídíò kejì. Ó ní ọkọ̀ ti di ọkọ̀. Ó ní ìgbà tí òun rí iná méjì yẹn, òun sọ ọ́ sókè nínú ilé pé kó má lọ. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó ní èdè tí òun ò gbọ́ ni òun pè ní àìgbọ́ èdè. Máàkì méje ló fún wa, ó sì tún un sọ pé ó kúrú jù.

Àwọn tó ń fẹ́ ìbọn ṣì ń bínú, àwọn mìíràn ò padà wá mọ́. Èyí dùn mí, àmọ́ mi ò kábàámọ̀. Mo gbé fídíò náà lọ fún màámi. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní kí n bá àwọn kí i, kí n sì sọ fún un pé àwọn ti gbọ́ àforíjì ẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé iṣẹ́ wo ló kù tí àwọn máa ṣe.

A ti bẹ̀rẹ̀ géèmù kẹrin báyìí. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tó mú obìnrin yẹn ni. Mi ò tíì mọ bó ṣe máa gùn tó.