Gàníyù Ò Sí Lórí Téèpù

Ràhámọ̀tù kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni, kò sì ṣeé bá wí. Láyé àwọn ológun, tí owó yùréníọ̀mù ń kọ́lé káàkiri Niamey ní ilẹ̀ Niger, ta ló mọ ẹni tó ń gbọ́rọ̀ ẹni? Ògiri létí. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Plateau, òun ló ń tẹ fọ́ọ̀mù àwọn àlejò ìlú sínú kọ̀ǹpútà ìjọba. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ni wọ́n ń fún ní káàdì ìgbélùú tuntun. Ẹni tí kò bá jáde, kó yáa máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó tẹ igba fọ́ọ̀mù wọlé, kọ̀ǹpútà sì kó gbogbo rẹ̀ sórí téèpù. Nígbà tó ní kó kà á padà, igba ó dín ẹyọ kan ló jáde. Ẹni tó sọnù ni Gàníyù, bàbá tó bí i lọ́mọ, tó ti ń ta aṣọ ní ọjà Grand Marché láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn.

Inú bí i gan-an. Ta ló yọ ọ́? Ó fura sí Ìsúfù ọ̀gá rẹ̀, nítorí ọkùnrin yẹn a máa rẹ́rìn-ín láìsí ohun tó pani lẹ́rìn-ín. Kódà ó fura sí agbálẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó kàn tún fọ́ọ̀mù bàbá rẹ̀ tẹ̀.

Gàníyù yọjú wàyí, àmọ́ iye náà kò yẹ̀: igba ó dín ẹyọ kan. Ẹlòmíràn ti lọ nìyẹn. Ó fìka tọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí i pé Sùlù ni, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sílé-ìwé nígbà tó wà ní kékeré.

Ìgbà náà ló yé e. Ìsúfù ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé kọ̀ǹpútà yìí kì í fi orúkọ mọ ènìyàn. Orúkọ bàbá ẹni àti ọdún ìbí ló ń so pọ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́. Abẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń tọ́jú orúkọ ẹni, iṣẹ́ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ sí. Bí ẹlòmíràn bá gbé irú kọ́kọ́rọ́ kan náà dé, á lé ẹni àkọ́kọ́ jáde, kò sì ní wí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, Gàníyù ló mú Sùlù gba ẹnubodè wọlé láyé ọjọ́sí. Sùlù kò níwèé, kò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Gàníyù ní ọmọ bàbá òun ni, ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn. Bí àwọn èèyàn wa ṣe ń gba ara wọn là nìyẹn, ẹ má dá wọn lẹ́bi.

Kí ni kó wá ṣe? Bó bá sọ fún Ìsúfù, irọ́ ẹnubodè á tú, wọ́n á lé àgbà méjèèjì. Bó bá dákẹ́, ọ̀kan á lọ. Ó tún fọ́ọ̀mù Sùlù tẹ̀, ó fi ọdún kan kún ọdún ìbí rẹ̀, 1931 di 1932. Igba jáde pé pérépéré.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá Sùlù ní ìsọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá bi yín, 1932 ni kí ẹ sọ pé wọ́n bí yín. Ohun tí ẹ máa rí lórí káàdì yín nìyẹn. Ẹ má bi mí nídìí."

Sùlù béèrè pé, "Ràhámọ̀tù, ta ló ń bi ọ́ nípa mi níbi iṣẹ́ yín?"

"Kò sẹ́ni kankan, Bàbá."

"Ó dáa," ni Sùlù wí. Kò béèrè àlàáfíà bàbá rẹ̀. Àtọjọ́ náà, bó bá wá sílé wọn, tí Ràhámọ̀tù sì wọlé bá a, á dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró, á ní òun fẹ́ lọ kírun.