Ọ̀rọ̀ Kan Lórí Ebè Kan

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ní Òmù-Àrán, kò sí ohun tó ń dà mí láàmú tó èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń gbọ́ ọ nínú fóònù láti ẹ̀yìn ìyá yín kò lè mọ bó ṣe rí. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ nílé wa.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Oko bàbá mi wà lọ́nà Òwu-Ìsin, èmi ni mo sì máa ń ro ìdí iṣu. Mo fún ebè kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. N kì í fi ọkọ́ kan ebè kankan àfi bí mo bá kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá mi a ní, "Ṣé iṣu lò ń kí ni, àbí o fẹ́ ro oko?"

Ọmọbìnrin kan wà ní oko tó bá tiwa pààlà, kíláàsì kan náà la wà. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ ló ń sọ sí gbogbo ohun tó bá rí, títí kan ewúrẹ́. Bó bá ṣì í sọ, á rẹ́rìn-ín, á tún un sọ. Bó bá rí mi, á ní, "Ọ̀gá àwọn ebè, ọjọ́ wo lo máa lanu?" Mo ní kó jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ tán ná.

Ọjọ́ ìdánwò àfẹnusọ láti wọ girama pé. Bàbá mi ti sọ pé bí n kò bá wọlé, oko ni mo kù sí. Olùdánwò fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí ní iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe. Ìbéèrè náà yé mi. Ìdáhùn rẹ̀ wà lórí ebè kẹta nínú ọ̀wọ́ karùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tẹ̀lé èkejì ni mo ṣe kọ́ wọn. N kò lè débẹ̀ àfi kí n bẹ̀rẹ̀ láti ebè àkọ́kọ́. Mo dúró, mo ń ro oko lọ nínú orí mi. Kí n tó dé ọ̀wọ́ kẹta, ó ti pe ẹlòmíràn. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ọmọbìnrin yẹn wọlé. Èmi lo ọdún kan sí i lóko. Nígbà ìsinmi ló ń wá bá mi níbẹ̀: "Fi ebè sílẹ̀. Èmi ni kí o bá sọ̀rọ̀." Bí mo ṣe wọlé lọ́dún kejì nìyẹn. Nígbà tí a dàgbà, mo fẹ́ ẹ.

Ó ti kú báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, pè mí láti Èkó. Tíṣà rẹ̀ ní kí wọ́n kọ nípa ẹnì kan nínú ẹbí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán bi mí pé irú ènìyàn wo ni ìyá àgbà jẹ́. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, kò lè sọ ọ́. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo tún ń wá ọ̀rọ̀ lórí ebè nínú orí mi. Ọ̀nà Òwu-Ìsin ni mo ti bẹ̀rẹ̀, láti ebè àkọ́kọ́. Ó béèrè bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ó ti pa fóònù.

Ayé ti yí. Ẹnu àwọn ọmọ yá ju tiwa lọ, wọn kò sì ní sùúrù láti dúró de ọ̀rọ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ì bá sọ fún mi pé kí n fi ebè sílẹ̀ ni kò sí mọ́.