Àgbọn Orí Ìwọ́ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó koríko òyìnbó bọ̀ láti Èkó, ó ní òun fẹ́ sọ ẹ̀yìnkùlé bàbá wa ní Òde-Ìrèlè di ibi tó ṣeé wò. Àfi bíi pé afọ́jú ni gbogbo àwa tí a ń gbé ibẹ̀. Ó ti rí irú rẹ̀ nílé ọ̀gá rẹ̀: koríko tẹ́ lọ rẹrẹ, òdòdó yí i ká, wọ́n to àga sí i. Bàbá wa ti kú nígbà náà, òun sì ni àkọ́bí. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lọ́dọ̀ tiwa, tí ìwọ́ ọmọ bá já, bàbá rẹ̀ á rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, á gbin igi lé e lórí. Igi ọmọ náà nìyẹn títí ayé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ká èso rẹ̀ láìbi í. Tèmi jẹ́ àgbọn. Mo ti torí rẹ̀ gé ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà jẹ lápá rí.

Ọjọ́ Sátidé kan ló mú ẹfun, ó ń fi í sàmì sára igi tí wọ́n máa gé. Kò fọwọ́ kan ọ̀pẹ tirẹ̀. Kò fọwọ́ kan orógbó àbúrò wa ọkùnrin. Ó dé ìdí àgbọn mi, ó fi ẹfun fà á gbọọrọ. Ó kọjá sídìí ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún fà á. Ọsàn yẹn jẹ́ ti àbúrò mi obìnrin, èyí tó kú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀.

Ó ní òjìji wọn ò ní jẹ́ kí koríko hù. Òjìji igi ọkùnrin ni kì í ṣú, àbí?

Mo bi í léèrè ohun tí àwa obìnrin ṣe.

"Ṣé o ò ní lọ ilé ọkọ ni?" ló fi dá mi lóhùn. "Igi wo lo tún ń wá nílé bàbá rẹ?"

Inú bí mi gidigidi. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, èmi tí mo ń ṣe tíṣà nítòsí ni mo ń tọ́jú ìyá wa. Kérésì kérésì la máa ń rí òun. Mo sọ ọ́ sí i lójú, mo pariwo títí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Àfìgbà tí ìyá wa fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n mi, ó sáré gbá a mú.

"Ó dáa, Ìyé, mo fi ẹyọ kan sílẹ̀ nítorí yín. Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Mo ti mọ̀ pé tèmi ni. Ta ló ń pọn omi tí ìyá wa ń mu? Ta ló ń fọ aṣọ rẹ̀? Ìyá wa ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ fẹ̀yìn ti ọsàn.

Inú yàrá ni mo wà tí mo fi gbọ́ bí àgbọn mi ṣe wó. N ò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, tó bu pùpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, sáwo wá bá mi. Mo ti àwo náà sẹ́yìn. Mo bi í bóyá òkú ọmọ wù ú ju ààyè lọ.

"Ọma mi," ó ní, "ìwọ lẹ́nu tí o fi ń bú mi. Bí wọ́n bá gé ti àbúrò rẹ, kí ni mo fẹ́ nawọ́ sí, kí n tó sọ pé mo bí i rí?"

Mo jẹ pùpurú náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó torí koríko ní kí ìyá yan ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀, n ò tíì dárí jì í.