Ta Ló Ń Fi Yorùbá Lo Kọ̀ǹpútà?

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ lẹ́tà ní Ìkòtún, orí bẹ́ǹṣì ni oníbàárà ń jókòó sí, á máa sọ ohun tó fẹ́ kọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Ètò ìkọ̀wé kan wà nínú kọ̀ǹpútà wa tí ẹnikẹ́ni láyè láti tún ṣe bó ṣe fẹ́. Mo túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú rẹ̀ sí Yorùbá pátá. Ọ̀gá mi ní kí n yọ ọ́ jàre, ta ló ń fi Yorùbá lo kọ̀ǹpútà? Mi ò yọ nǹkan kan.

Ìyá aránṣọ kan ka ojú ẹ̀rọ náà, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n jókòó sórí àga mi, wọ́n ń fi ìka kan tẹ lẹ́tà wọn fúnra wọn.

Ọ̀gá tún pariwo pé kí n yọ ọ́.

Mo ní, “Ó dáa. Ẹ lọ sọ fún ìyá kí wọ́n dìde.”