Ohun Tí Gàníyù Fún Mi Ní Ihò Keje

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ò tíì kan ìṣó tí ìyá mi ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ní ilé wa ní Pápá Àjàó, èmi ni mo mọ gọ́ọ̀fù gbá jù ní gbogbo àdúgbò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ń gbá nígbà náà, èyí tí ẹ fi ọ̀rá àti àkísà wé. Gọ́ọ̀fù ni tiwa, torí bàbá mi ń gé koríko ní pápá kan tí àwọn olówó ti ń gbá a. Bọ́ọ̀lù tó bá ti gbó, tí wọ́n ti jù nù, á kó o bọ̀ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo lọ bẹ wẹ́dà tó wà ní ìkángun òpópó wa pé kó tẹ orí ọ̀pá irin fún wa, ká lè máa fi gbá a. Ibẹ̀ niṣẹ́ wẹ́dà ti wọ̀ mí lójú. Mi ò kàwé kọjá pírámárì mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ wá kí ẹ fi géètì gidi kan hàn mí lónìí ní àdúgbò yìí tí ọwọ́ mi ò kàn. Agolo mílíìkì méje la rì mọ́ ilẹ̀ ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ihò wa nìyẹn.

Ayé mi ì bá dùn bí kì í bá ṣe ti Gàníyù. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, ọdún kan ni mo fi jù ú lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n mú un wá sílé wa pẹ̀lú àpò kan àti sálúbàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹran inú ọbẹ̀ mi ti ń kéré. Bí ìyá mi bá fẹ́ bu ẹ̀wà, òun ló máa ń kọ́kọ́ bu fún, á ní ọmọ òrukàn kì í dúró de àṣẹ́kù. Bí àwa méjèèjì bá jọ da garawa omi nù lọ́nà, èmi nìkan ni màá fi ìka kan kan ilẹ̀, tí màá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí òógùn á fi máa kán láti imú mi, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n. Gàníyù á dúró ti ògiri, á máa bá mi sunkún. Ẹkún yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Èyí tó wá dùn mí wọra ni ti orúkọ. Bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, oríkì Gàníyù ló máa ń pè, á ní "Àjàní," ohùn rẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Èmi tó bí, Múfútáù ni, bí ìgbà tí wọ́n ń pe ẹlẹ́jọ́. Èmi náà ní oríkì. Àkànní ni mí. Mo máa ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó lè jẹ́ èmi ló máa kọ́kọ́ rí, bóyá á pè é.

Bàbá mi ló kọ́ wa ní òfin gọ́ọ̀fù, lórí àpótí tó máa ń jókòó sí mu gàrí àti kúlíkúlí. Ó ní èyí tí ẹni méjì fi ń dojú kọ ara wọn ló dùn jù, pé ihò kọ̀ọ̀kan là ń jà fún. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọlé bá kéré ló ni ihò yẹn. Bó bá dọ́gba, ẹ pín in. Kò sẹ́ni tó ń ro àpapọ̀. Bí o gbá a lógún ìgbà ní ihò kan, ihò kan náà lo pàdánù. Ó ní bí ọpọ́n ayò ni, tí a bá ti ta ọ̀kan tán, a tún un tò, a kì í gbé ìbínú ọpọ́n àná wá. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ jìnnà sí ihò ló ń kọ́kọ́ gbá. Bí o bá ṣáájú rẹ̀, ó lè ní kó o tún un gbá. Bí bọ́ọ̀lù ẹnìkejì rẹ bá sì ti sún mọ́ ihò tó ò ń rò pé kò lè tàsé mọ́, o lè ní kó gbé e, pé o ti fún un. Wọ́n á kà á sí pé ó ti wọlé. Èmi ò fún ẹnikẹ́ni rí. Bí bọ́ọ̀lù jókòó sétí agolo, màá ní kó gbá a kí n fojú ara mi rí i.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi mú ọ̀pá gọ́ọ̀fù gidi wálé, èyí tí wọ́n fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ló fún un. Orí rẹ̀ ń dán, awọ wà níbi ìdìmú. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ni, kò ṣeé pín, kí àwa méjèèjì lọ gbá ihò méje lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bá borí ló ni ín. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọ̀pá kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ na Gàníyù lójú bàbá mi, kó lè rántí èwo nínú wa lọmọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò pé jọ. Mo gba ihò kìíní àti ìkejì, mo ti ń fọ́nnu. Ní ìkẹta, bọ́ọ̀lù mi kó sí gọ́tà, mo gbá a nígbà mọ́kànlá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òfin pé ihò kan náà ni mo pàdánù. Nígbà tí a fi gbá ihò kẹfà tán, a ti dọ́gba. Ní ihò keje, ìgbà mẹ́fà ni Gàníyù gbá kí tirẹ̀ tó wọlé. Èmi ti gbá mẹ́rin, ó sì ku ìwọ̀n sálúbàtà kan péré sí agolo. Bí mo bá ti tì í wọlé, mo borí. Bí mo ṣe tẹ̀ síwájú, Gàníyù ní, "Bọ̀dá Múfú, ẹ gbé e. Mo ti fún yín."

Ojú mi ṣú. Ṣé ẹni tó ń jẹ ẹran mi ló ń fún mi ní nǹkan? Mo ní ta ló bẹ̀ ẹ́, kó dúró kó kọ́ṣẹ́. Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù gba etí agolo kọjá. Mo tún fi ìbínú gbá a, ó tún kọjá. Mẹ́fà nìyẹn, kò sì tíì wọlé. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pariwo pé àlejò ti na onílé.

Bàbá mi dìde. Ó ní kí wọ́n dákẹ́, Múfútáù ló borí; ìgbà tí Àjàní ti ní kí n gbé e ni eré ti parí, afẹ́fẹ́ ni mo ń gbá látìgbà yẹn. Mo bú sẹ́kún. Mo ní mi ò gbà, ká tún ihò keje gbá. Bàbá mi ní:

"Múfútáù, ohun tí wọ́n bá ti fún èèyàn nínú eré yìí, ẹni tó fún un ò lè gbà á padà, ẹni tí wọ́n fún ò sì lè kọ̀ ọ́."

Ó fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lórí Gàníyù.

Pápá yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí. Orí fóònù làwọn ọmọ tèmi ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Bí wọ́n bá tàsé, wọ́n á tẹ nǹkan kan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò tàsé rí. Bàbá mi ti lọ, kò pè mí ní Àkànní títí tó fi lọ. Gàníyù ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ó kọ́lé sí Súrùlérè, ọ̀pá gọ́ọ̀fù kún búùtù mọ́tò rẹ̀, ó ń bá àwọn olówó gbá a lórí irú koríko tí bàbá mi gé. Èmi ni mo ṣe géètì ilé rẹ̀, kò sì sírú ẹ̀ ní òpópó yẹn. Síbẹ̀, bí mo bá rí i tó ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹran inú ọbẹ̀ ìgbà yẹn ló ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ọ̀pá mi ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi. Mo ti sọ fáwọn ọmọ mi bí mo ṣe na Gàníyù. Mi ò sọ iye ìgbà tí mo gbá. Iléyá tó kọjá, ó wá kí wa, a jọ jókòó ti àwo ẹran, àbíkẹ́yìn mi bá bi í bóyá lóòótọ́ ni bàbá òun nà án gba ọ̀pá yẹn. Ẹran dúró sí mi lẹ́nu. Gàníyù nu ọwọ́, ó wò mí, ó ní, "Wọ́n nà mí gan-an ni. Mi ò mọ̀ ọ́n gbá tó bàbá rẹ."

Ó tún fún mi. Lójú ọmọ mi. Ó sì dùn mí bó ṣe dùn mí lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ní mi ò gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé e.